Kesáyà Dorsey, Olóhùn Òpópó Ọ̀dà

Òmìnira kò tíì pé ọdún kan ní ìlú Baltimore nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òpópó Ọ̀dà lónìí, tí ẹ rò pé ọjọ́ tí òfin tú àwọn ẹrú ìpínlẹ̀ Maryland sílẹ̀ ni ìyà tán, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn baba ńlá yín ti jó, wọ́n ti kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ohùn wọn fi há, àwọn ìyá sì ti tẹ́ ọmọ wọn sùn láìbẹ̀rù pé ẹnìkan yóò wá tà á lọ́la. Ìgbà òtútù kọjá, ewé tuntun yọ lára igi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, oòrùn ti là kedere, àwọn obìnrin ń gbá ojúlé wọn, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ńlá kan wá dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó rí i rò pé igi ìdáná ni wọ́n kó wá.

Òpópó náà kò gùn. Etí èbúté ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó sì gun òkè díẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ni kí wọ́n máa fi òòlù ki òwú bọ àárín pákó ọkọ̀, kí wọ́n sì da ọ̀dà gbígbóná lé e kí omi má baà wọlé. Òórùn ọ̀dà yìí kì í kúrò lára wọn, òun ló sì fún òpópó ní orúkọ. Láàárín wọn ni Kesáyà Dorsey ń gbé: Kesáyà olóhùn agogo, obìnrin gíga bí òpó ọkọ̀, alápá líle tí í fi ọwọ́ kan dá ẹṣin dúró, ẹni tí kò bí ọmọ kankan tí gbogbo ọmọ òpópó sì ń pè ní màmá. Akàn ló ń tà. Ó ní ẹṣin arúgbó kan tó so ṣaworo mọ́ lọ́rùn, ó ní kẹ̀kẹ́ tó kun ní àwọ̀ pupa, ó sì ní orin tó fi ń polówó, èyí tí kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ bíi tirẹ̀:

"Akàn dé o, akàn odò. Ó ń rìn nínú agbọ̀n, ó ń wá ìkòkò. Ẹ gbé abọ́ yín jáde, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá gba ẹsẹ̀ akàn."

Bó bá ti dé ibi "ẹ̀yin ọmọ mi," a gbé ohùn sókè, a sì jẹ́ kó máa mì títí yóò fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé a tú síta, nítorí kì í wá láìse ẹsẹ̀ akàn díẹ̀ sínú garawa fún wọn, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni akàn àkọ́kọ́ ọdún náà dé. Kesáyà kọrin, àwọn ọmọ sì yọ láti ilé gbogbo, wọ́n yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ká, wọ́n ń nawọ́.

Ìgbà náà ni àwọn ọkùnrin oníbọn jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kò sídìí tí wọ́n fi ní láti kàn án. Kesáyà ni wọ́n ti ń dúró dè láti àárọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pẹ́ rárá. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ bí ẹni gbé àpò, wọ́n ń jù wọ́n sínú kẹ̀kẹ́ ńlá náà. Rhoda Tilghman, opó kan tó ń fọṣọ fún àwọn ará òkè ìlú, sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ ní apá méjèèjì, nítorí ó gbọ́ igbe Dinah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

"Ọ̀gá, ọmọ mi nìyẹn," ni ó wí. "Èmi ni ìyá rẹ̀. Èmi rèé láàyè."

Olórí wọn kò bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi dá a lóhùn. "Kóòtù ti fi wọ́n fún Ọ̀gbẹ́ni Thurlow, olóko tábà. Yóò kọ́ wọn níṣẹ́ títí wọn yóò fi dàgbà. Adájọ́ ní ẹ kò lágbára láti tọ́ wọn."

"Ìgbà wo ni adájọ́ dé ilé mi?"

Ọkùnrin náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó yà sọ́dọ̀ Kesáyà, tí ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ó mú ẹsẹ̀ akàn kan nínú garawa rẹ̀, ó fi eyín fọ́ ọ, ó ń jẹ ẹ́. "O ṣeun, ìyá," ni ó wí. "Ìwọ ló jẹ́ kí iṣẹ́ wa rọrùn." Wọ́n sì lọ.

Kesáyà kò lè sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó ń sunkún. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí ohun tó jáde níbẹ̀. Àwọn obìnrin ṣubú lulẹ̀ káàkiri òpópó bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ lójú oòrùn, kò sí omi nínú ara wọn mọ́. Nígbà tí àwọn ọkùnrin gòkè bọ̀ láti èbúté, tí wọ́n sì sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá ní òfin ni, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Òfin. Nínú ọdún tí wọ́n ní kò sí ẹrú mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Kesáyà ti já ṣaworo kúrò lọ́rùn ẹṣin rẹ̀. Ó ń ta akàn láìlanu. Bó bá ń kọjá, àwọn ènìyàn a máa wo ilẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kó rí ohun tó wà lójú àwọn.

Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán Àìkú kan, nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ náà, Kesáyà dìde láti orí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó rìn lọ bá Wesley Gaines, àgbà àwọn atọ́kọ̀ṣe.

"Bàbá Wesley, ọkọ̀ ta ni ẹ gbé sórí ilẹ̀ ní èbúté láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

"Ọkọ̀ Thurlow ni. Òun ló fi ń kó tábà lọ sí òkè òkun."

"Ibo ni iṣẹ́ dé?"

"A ti yọ gbogbo òwú àtijọ́ kúrò. Àárín pákó rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀la la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ki tuntun."

"Ẹ má ki òwú kankan sí i."

Ariwo sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì dákẹ́, nítorí ohùn tí wọ́n ti gbàgbé ló tún ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Orin mi ni wọ́n fi mú àwọn ọmọ yín," ni ó wí. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń dá ojú mi sí ni. Èmi ló kọ ọ́, èmi ni n ó lọ kọ ọ́ lóko Thurlow, n ó sì kó wọn bọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin ọkùnrin kò ju pé kí ẹ fi òòlù sílẹ̀ títí n ó fi dé. Bí wọ́n bá pa mí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà jẹrà síbẹ̀."

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Obìnrin dúdú kan, lójú oòrùn, sínú oko ẹni tó níbọn, tó sì ní kóòtù lẹ́yìn. Wesley Gaines wo àwọn ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. "A ó jókòó," ni ó wí.  Nígbà tí Kesáyà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Rhoda níbẹ̀ tó ti jókòó.

Wọ́n gba ọ̀nà gúúsù lọ sí ilẹ̀ tábà, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè lọ́nà. Ọ̀sán gangan ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dé oko náà. Ó tẹ́ lọ salalu, àwọn ọmọ sì wà káàkiri inú poro, wọ́n tẹ̀ríba, wọ́n ń gbin irúgbìn tábà, wọ́n jìnnà débi pé èèyàn kò lè dá wọn mọ̀. Kesáyà dá ẹṣin dúró lójú ọ̀nà.  Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ìbọn. Ó ń rò ó pé ìgbà tí àwọn ọmọ yìí gbọ́ orin náà kẹ́yìn ni wọ́n jù wọ́n sínú kẹ̀kẹ́. Bóyá bí wọ́n bá tún gbọ́ ọ, ṣe ni wọn yóò sá wọ inú igbó.

"Màmá, ẹ kọ ọ́," ni Rhoda wí.

Ó kọ ọ́. "Akàn dé o, akàn odò." Àwọn ọmọ dúró bí ère. "Ó ń rìn nínú agbọ̀n, ó ń wá ìkòkò." Kò sí ẹni tó mira. Ohùn Kesáyà gbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó di ọwọ́ mú etí kẹ̀kẹ́, ó gbé e sókè, kò gbé e sókè bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi."

Ọ̀kan ju irúgbìn sílẹ̀. Òmíràn ju tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń sáré bọ̀ lórí ebè, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, alábòójútó oko sì ń pariwo lẹ́yìn wọn lásán.

Thurlow fúnra rẹ̀ jáde láti ilé pẹ̀lú ìbọn. Ó ti gbọ́ orin, ó rò pé aláàrẹ̀ ọpọlọ kan ni. Nígbà tó rí i pé kẹ̀kẹ́ ti ń kún, ó na ìbọn sí Kesáyà.

"Sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Kóòtù ló fún mi."

Kesáyà ti pe irú ọkùnrin yìí ní ọ̀gá láti kékeré. Kò pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Thurlow," ni ó wí, "ọkọ̀ rẹ wà lórí ilẹ̀ ní èbúté wa. Wọ́n ti yọ òwú ìdí rẹ̀ tán. Láti àná, gbogbo ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ náà ti jókòó, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Tábà tó wà nínú àká rẹ yìí, orí wo lo fẹ́ fi rù ú dé òkè òkun? Yìnbọn bí o bá fẹ́. Bí n kò bá bá àwọn ọmọ wọ̀nyí padà, ọkọ̀ yẹn kò ní rí omi mọ́."

Thurlow wo àká rẹ̀. Ó wo obìnrin náà, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí àga ilé rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Kò tíì sí ẹni tó bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìbọn náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Rhoda ń yí ojú àwọn ọmọ sí ọ̀tún, ó ń yí i sí òsì. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. "Dinah dà?" ni ó bi wọ́n.  Ó yíjú sí Thurlow. "Dinah ọmọ mi dà?"

"Èyí tó ń sunkún yẹn?" ni Thurlow wí. "Mo fi í fún ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kọjá. N kò mọ ibi tó forí lé."

Bí ẹni tó ń sọ nípa ajá ló ṣe sọ ọ́. Kesáyà mọ̀ pé òun gbọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ ó ń dúró kí ọkùnrin náà tún un sọ lọ́nà mìíràn. Kò tún un sọ.  Nígbà tó ṣe, Rhoda gun kẹ̀kẹ́, ó gbé ọmọ ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lé itan, ó sì fi ìborùn rẹ̀ dì í.

Ayọ̀ tó wà ní Òpópó Ọ̀dà lọ́jọ́ tí wọ́n dé kò ṣeé ròyìn, àwọn òòlù sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní èbúté lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì lè kó ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n Kesáyà kò sinmi. Títí ó fi darúgbó, gbogbo èbúté tó wà létí omi ńlá yẹn ló gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, Rhoda lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọrin akàn sí àwọn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Kò rí Dinah. Kesáyà kú, Rhoda náà kú, wọn kò rí i.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ta èso àti akàn ní ìlú náà kọ́ orin lọ́dọ̀ Kesáyà, àwọn ọmọ wọn sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ Òpópó Ọ̀dà dòní, ìyá ló ń kọ́kọ́ yọ sí ẹnu ọ̀nà, kó wo òkè, kó wo ìsàlẹ̀, kó tó jẹ́ kí ọmọ jáde. Bí òǹtajà náà bá sì kọrin dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, yóò dá ẹṣin dúró, yóò fi ọwọ́ di ṣaworo mú kó má baà dún, yóò sì tẹ́tí. Ẹni tó bá ń rajà lọ́wọ́ a fi owó rẹ̀ dúró. Àlejò a máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n á ní àwọn ń dúró de Dinah, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà ló jìn.