Òpó Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nínú Àpáta

Ọkùnrin kan wà ní Ìgbẹ́tì tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì dára, nígbà tí kíndìnrín méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀ lára àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní ti ẹ̀gbọ́n yóò bá ara àbúrò mu. Ẹ̀gbọ́n ní òun yóò fún un ní ọ̀kan. Àwọn ará ilé ṣàdúà fún wọn, wọ́n sì sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Apá gúúsù ilẹ̀ Íńdíà ni ilé ìwòsàn náà wà, níbi tí àwọn èèyàn wa ń lọ nísinsìnyí tí àìsàn bá ti kọjá agbára ilé.

Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ náà sí ọjọ́ Mọ́ńdè. Títí ọjọ́ yóò fi pé, àbúrò gbọ́dọ̀ máa lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pa á jẹ, omi yóò kún inú rẹ̀, kò sì ní lè mí mọ́. Fi èyí sọ́kàn, Bàbá Ìbídùn, ìwọ tí o gbé ẹjọ́ wá bá mi, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, dókítà ní kí wọ́n jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn lára, kí wọ́n ṣáà padà kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, torí ẹ̀rọ ń dúró de àbúrò. Awakọ̀ kan gbé wọn lọ sí agbègbè tí àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ ilé òrìṣà sínú àpáta. Má bi mí ní orúkọ ibẹ̀. Orúkọ wọn gùn, ahọ́n mi kì í sì yí sí i. Òkè ni níwájú, òkè ni lẹ́yìn, wọ́n pupa rúsúrúsú, ẹnu ọ̀nà sì wà lára wọn bí ẹni pé èèyàn ṣì ń gbé inú wọn. Àbúrò wò wọ́n títí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, orí àpáta la ti ń sá láfún láti kékeré. A tún wá wọ ọkọ̀ òfúrufú wá wo àpáta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò tún jọ rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n bọ́ bàtà sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan àjèjì fún ẹni tó ń wọ mọ́ṣáláṣí. Afinimọ̀nà kan, bàbá arúgbó tó ró aṣọ funfun mọ́ ìdí, ṣíwájú wọn. Inú ihò àkọ́kọ́ tutù, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Nígbà tí afinimọ̀nà ti kọjá sí ihò kejì, tí ó ku àwọn méjèèjì nìkan, ẹ̀gbọ́n la ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, àbúrò dìde láàárín ẹbí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun fi ebi pa ìyá àwọn. Irọ́ ni. Ilé ẹ̀gbọ́n ni ìyá náà kú sí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ti gba oúnjẹ títí ọ̀fun rẹ̀ kò fi gbé nǹkan mì mọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà mì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò dà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé yìí ni ó wá pọ̀ ọ́ jáde. Ó ní kí àbúrò pe olórí ẹbí lórí fóònù kí Mọ́ńdè tó dé, kí ó sọ pé òun parọ́, kí gbogbo ilé gbọ́. Ó ní, "Bí o kò bá sọ ọ́, n kò ní sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Àbúrò fi ohùn ìsàlẹ̀ dá a lóhùn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, bí mo bá sọ ọ́ lónìí, kíndìnrín ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin náà yóò sì mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ní èyíkéyìí tó bá fẹ́ sọ ọ́, kí ó ṣáà ti jáde lẹ́nu.

Àbúrò rìn jáde, ó jókòó sórí àpáta nínú oòrùn. Ó ní òun kò lọ sídìí ẹ̀rọ kankan mọ́. Kí wọ́n gbé òun lọ sí pápákọ̀ òfúrufú, tàbí kí wọ́n fi òun sílẹ̀ síbẹ̀. Orí kunkun ìyá wọn ni àwọn méjèèjì jogún, kò sì sí ẹni tí tirẹ̀ kéré.

Oòrùn ń yẹ̀. Ẹsẹ̀ àbúrò ti wú. Èémí rẹ̀ ti ń dún. Awakọ̀ gòkè wá, ó na ìka sí aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀nà jìn. Ẹ̀gbọ́n pe àbúrò ní oríkì rẹ̀, Àjàgbé, àbúrò kọ ẹ̀yìn sí i. Ó fà á lọ́wọ́, àbúrò tẹ ara mọ́lẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó ní bí ó bá kú síbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi pa ara rẹ̀. Àbúrò ní òun ti gbọ́. Inú wá bí ẹ̀gbọ́n débi pé ojú rẹ̀ fẹ́ dami, ó sì yára wọ inú ihò kejì kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ibẹ̀ ni afinimọ̀nà wà. Kò mọ nǹkan kan nípa ìjà wọn, ó sì ń ṣàlàyé bí ó ti máa ń ṣàlàyé fún gbogbo àlejò. Ó ní kò sí ẹni tó gbé òkúta kankan wá síbẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo ni òkè náà, ńṣe ni wọ́n fi òòlù gbẹ́ inú rẹ̀ dànù. Ẹ̀gbọ́n kàn fẹ́ rí nǹkan sọ, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí àwọn òpó wọ̀nyí. Bàbá náà ní wọn kò ri òpó kankan mọ́lẹ̀. Ibi tí wọn kò gé ni òpó.

Ó mú un dé ẹnu ihò kẹta. Òrùlé ibẹ̀ ti wó, àwọn ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sórí àfọ́kù òkúta. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn baba òun ni pé òpó ibẹ̀ nípọn tẹ́lẹ̀, àwọn agbẹ́kùúta sì ní ó ṣì ku díẹ̀ tí àwọn lè gé kúrò. Wọ́n gé e, òrùlé sì wó lulẹ̀.

"Wọn kò gé òkúta ẹlòmíràn," ni ó wí. "Tiwọn ni wọ́n gé."

Ẹ̀gbọ́n dúró. Ó ń gbọ́ ikọ́ àbúrò rẹ̀ lóde.

Nígbà tí ó jáde, kò yà sọ́dọ̀ àbúrò. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n bọ́ bàtà sí, ó mú bàtà àbúrò lọ́wọ́, ó gbé e gòkè. Ìwọ náà mọ̀ pé àbúrò ló ń gbé bàtà ẹ̀gbọ́n láàárín wa. Ó kúnlẹ̀ sórí àpáta gbígbóná, ó fa ẹsẹ̀ wíwú náà sórí itan rẹ̀, ó ń rọra ki bàtà bọ̀ ọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Gbé ẹsẹ̀ kejì wá."

Àbúrò ń retí ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀lé e. Kò sí èyí tó tẹ̀lé e. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì wá. Ó fi ara ti èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀. Wọ́n pẹ́ dé ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì sì bínú sí wọn gidi, ṣùgbọ́n èémí ṣì wà nínú àbúrò. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn méjèèjì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ti tó ọdún díẹ̀ báyìí. Àbúrò kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà. Bóyá yóò sọ ọ́, bóyá yóò bá a wọ sàréè, n kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò béèrè mọ́. Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń di ẹsẹ̀ àgbò mú.

Bàbá Ìbídùn, o ní kí n dá ẹjọ́ rẹ. Ìyàwó rẹ bú ọ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ó sì kó jáde nílé. Ní báyìí tí ọmọ yín ń lọ sílé ọkọ, o ti búra pé o kò ní jókòó níbi tí wọn yóò ti fa ọmọ náà fún ẹbí ọkọ, àfi bí ìyá rẹ̀ bá kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ níwájú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, o jàre. N kò bá ọ jiyàn, èmi tí mo máa ń bá gbogbo ayé jiyàn. Ẹ̀tọ́ rẹ ni kí ó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n òòlù wà lọ́wọ́ rẹ, abẹ́ òrùlé yẹn sì ni Ìbídùn dúró sí.

Pe ọmọ rẹ kí o tó kúrò níbí. Sọ fún un pé o ń bọ̀. Má fi nǹkan kan kún un.