Ẹja Idẹ Fówókàn

"Èyí tó ń dán kọ́ lẹja ń mì, èyí tó ń mì ni." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ bi àwọn àgbà etí ọ̀sà léèrè ẹni tó kọ́kọ́ pa á, púpọ̀ nínú wọn á wúkọ́, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ti òjò tó ń ṣú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín. Ọkùnrin kan ló fà á, obìnrin kan ló pa á, abọ́ idẹ kan ló sì kú sí i.

Ọ̀nàfówókàn lorúkọ ọkùnrin náà, àmọ́ Fówókàn ni gbogbo Ẹ̀bútẹ́-Oyè ń pè é. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, bó bá ju àwọ̀n sómi, ńṣe ni àwọ̀n náà máa ń tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Ìgbà tí ogbó dé, èjìká ọ̀tún rẹ̀ kọṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére. Àwọ̀n tó bá jù á ká jọ sójú kan bí ìdì aṣọ ìdọ̀tí, ẹja á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkánjú.

Olórí àwọn apẹja nígbà náà ni Káṣìmáawò, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti mú ẹja kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ fìlà í dé tó o. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe Fówókàn síwájú ẹgbẹ́, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é.

"Bàbá Gbọ́láhàn, ẹ ti ṣe tiyín," ó ní. "Ẹ jókòó sábẹ́ igi àgbọn kẹ́ ẹ máa bá wa tún àwọ̀n ṣe. Bí oṣù tuntun bá lé, tí ẹ kò sì tíì gbé ẹja gidi kan wá, a ó fi àyè ọkọ̀ yín ní èbúté fún ẹni tí èjìká rẹ̀ ṣì ń gbọ́ tirẹ̀."

Fówókàn mọ abẹ́ igi àgbọn yẹn. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa purọ́ nípa ẹja tó ti kú láyé bàbá wọn. Lójú tirẹ̀, ó sàn kí ẹja jẹ òun ju kí òun bá wọn jókòó síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ló rántí apẹja àjèjì kan, ará Kẹ́ta, tó gúnlẹ̀ sí èbúté wọn rí. Ará Kẹ́ta yìí kò ní àwọ̀n. Irin pẹlẹbẹ kan bí ẹja kékeré ló so mọ́ okùn, ìwọ̀ wà nídìí irin náà, ó ń fà á tẹ̀lé ọkọ̀ bó ṣe ń wà á lọ, ẹja kúta eléyín ṣóńṣó sì ń gbé e mì bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Fówókàn bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ta irin náà fún òun. Ará Kẹ́ta rẹ́rìn-ín, ó ní òun lè ta ìyá òun, ṣùgbọ́n òun kò ní ta ìyẹn.

"Kí ló wà nínú irin lásán?" ni Fówókàn wí fún ara rẹ̀. "Èmi náà á ṣe tèmi."

Ó kọ́kọ́ gé agolo mílíìkì, àmọ́ agolo náà rọ bí ewé. Ó gbìyànjú ojú ọkọ́ tó ti jẹ, ìpáàrà ti mú un bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, abọ́ idẹ ìyàwó rẹ̀ ló rí. Ojúọlápé ni ìyàwó náà ń jẹ́. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní abọ́ yìí lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, kò sì fi jẹun rí. Obì àlejò nìkan ló ń gbé sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yòókù, ńṣe ló máa ń wà lórí àpótí, tí á máa dán, tí kò níṣẹ́ kankan, bí ọba.

Ojúọlápé sọdá lọ kí abiyamọ kan lọ́jọ́ náà. Kó tó dé òdìkejì omi, Fówókàn ti gbé òòlù. Ó gé etí abọ́ náà ní ìwọ̀n ìka méjì papọ̀, ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá rẹ́ ẹ ní tinrín níwájú àti lẹ́yìn, ó sì fi ìṣó lu ihò sí i lórí àti nídìí. Ó gé sípóòkì kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó, ó ká a ní òrùka kéékèèké, ó fi ọ̀kan de okùn, ó sì fi èkejì gbé ìwọ̀ kọ́. Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ náà títí ó fi rí gbogbo àlàfo eyín rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn síbẹ̀. Ó fín ìpẹ́ sí i lára, ó fín ojú sí i, ó kù díẹ̀ kó kọlà fún un. Lẹ́yìn náà, ó gbé abọ́ padà sórí àpótí, ó sì kọ ibi tó gé sí ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ sómi. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń wà á, nítorí náà àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló so okùn mọ́. Ẹja idẹ náà tọ ọkọ̀ lẹ́yìn tààrà bí igi. Ó ń dán, oòrùn ń bọ́ lára rẹ̀. Kúta kan tilẹ̀ yọ sí i, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú idẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e àti ọjọ́ mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tí okùn náà rí mú ni àtàǹpàkò, tó wú bí iṣu ewùrà.

"Ẹ kú ọjà o!" ni Káṣìmáawò ń kí i láti èbúté. "Ṣé dígí lẹ ń kiri fún ẹja ni?"

Nígbà tí oṣù ku díẹ̀ kó lé, Káṣìmáawò wá sílé Fówókàn láti rán an létí. Ojúọlápé gba àlejò tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé abọ́ idẹ kúrò lórí àpótí láìwo etí rẹ̀, ó da obì sí i, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un. Obì gba ibi tí wọ́n gé jáde, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì yí gbirigbiri lọ sáàárín ẹsẹ̀ àlejò. Káṣìmáawò rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń bá a rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó lọ tán ni Ojúọlápé tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Gbọ́láhàn, irú eku wo ló ń jẹ idẹ nínú ilé yìí?"

Fówókàn na ẹja idẹ sí i. "Jọ̀ọ́, má bínú. Ẹ̀mí ara mi ni mò ń wá."

"Ẹ̀mí yín ò sí lára ẹrù tí ìyá mi dì fún mi!"

Ó já a gbà, ó gbé e lé orí ọlọ, ó sì fi ọmọ ọlọ lù ú kíkankíkan. Ikùn idẹ náà yọ síta, ìrù rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sọ ọ́ sẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀. "Ó yá, ẹ lọ fi pẹja." Lẹ́yìn náà ló jókòó tó sì ń sunkún wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ẹkún yìí ló dun Fówókàn ju ọmọ ọlọ lọ. 

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó gbé idẹ wíwọ́ náà, ó bọ́ sọ́kọ̀. Kì í ṣe nítorí ẹja ló ṣe lọ. Ó ń sá fún ilé ni. Ó so okùn mọ́ àtàǹpàkò òdìkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i pé okùn ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ òun. Ó wẹ̀yìn. Ẹja idẹ rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún, ó ń mì sósì, bí ọ̀mùtí tó ń wá ọ̀nà ilé. Fówókàn kẹ́dùn pé èyí tó kù náà ti bàjẹ́.

Ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí wà tí nǹkan fi fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè. Ó ṣubú lulẹ̀ gbàlà-gbàlà nínú ọkọ̀, àjẹ̀ bọ́ sómi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kọ́ sétí ọkọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ké pe Ọlọ́run, ó ké pe bàbá rẹ̀, ó ké pe Ojúọlápé. Kúta ńlá kan ló gbé idẹ náà mì, ó wọ́ ọkọ̀ lọ, ó wọ́ ọ bọ̀, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Èjìká òsì ni Fówókàn fi fà á wọlé, nígbà tí kò sì rí kùmọ̀ lù ú, ó jókòó lé e lórí.

Ọwọ́ ló fi wakọ̀ dé èbúté, láìní èékánná àtàǹpàkò mọ́, ìrù kúta sì yọ síta lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn èèyàn ya bò ó, ó sì ròyìn bí idẹ wíwọ́ náà ṣe ń mì lẹ́yìn ọkọ̀ fún wọn. Káṣìmáawò tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Mo mọ̀ pé dídán idẹ yẹn á fa ẹja dandan," ó wí. "Ohun tó bá ń dán lojú ẹja ń lọ bá."

Ojúọlápé ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté, ojú rẹ̀ ṣì wú. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu kúta, ó fa idẹ wíwọ́ náà yọ, ó sì gbé e sókè.

"Ó dán, ó dán, ẹja kankan ò yà á wò," ó ní. "Ìgbà tí mo lù ú, tó ń mì, ni wọ́n tó gbé e mì. Olórí apẹja, èyí tó ń dán kọ́ lẹja ń mì, èyí tó ń mì ni."

Ẹ̀rín bú gbàù. Gbogbo ojú ló lọ sí fìlà Káṣìmáawò, kò sì sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ àyè ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Orí kúta ni Ojúọlápé gbà gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, ó sì jẹ ẹ́ tán lójú ọkọ rẹ̀ láìbù fún un. Láti ìgbà náà, bí Fówókàn bá gé ẹja irin, kì í lù ú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a lù ú, ó sì máa ń sọ pé bí inú bá ti ń bí òun díẹ̀ ló ń dára jù.

Bí òwe náà ṣe délé ayé nìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi aṣọ, oyè tàbí ọ̀rọ̀ dídùn dípò iṣẹ́, tàbí tí wọ́n bá rí ẹni tí ayé ti lù wọ́ ṣùgbọ́n tó ń jàjà ṣe ohun tí àwọn arẹwà kò lè ṣe, wọ́n á ní: "Èyí tó ń dán kọ́ lẹja ń mì, èyí tó ń mì ni." Bí wọ́n bá pa á lójú yín, ẹ kọ́kọ́ wo ara yín bóyá ẹ̀ ń dán lásán ni tàbí ẹ̀ ń mì, kí ẹ tó bá wọn rẹ́rìn-ín.