Ẹnu Kékeré Sípíkà Alàgbà Ògúnṣínà

Alàgbà Ògúnṣínà dá ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́bi ohun tí kò ṣe, lójú àwọn aládùúgbò ló sì ti ṣe é. Ó ní Fadérera ló ba ẹnu kékeré sípíkà òun jẹ́, ó sì kà á léèwọ̀ fún un láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ orin ilé mọ́.

Sípíkà yìí ní ẹnu méjì. Ẹnu ńlá ń sọ ohùn tó rinlẹ̀, ẹnu kékeré ń sọ ohùn tó tínrín, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní wáyà tirẹ̀. Nígbà tí Alàgbà fẹ́ fún ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ampilifáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ó pín in bí wọ́n ṣe ń pín ẹran nílé rẹ̀. Ẹnu ńlá ni àgbà. Ó gba èyí tó lágbára, tí Alàgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹnu kékeré ni ọmọdé. Ó gba ògbólógbòó kan tí kò lókun mọ́. Nígbà tí ohùn ńlá wá ń bo ohùn tínrín mọ́lẹ̀, Alàgbà ń yí ògbólógbòó náà sókè títí ó fi dé òpin.

Fadérera kò yéé bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ohùn náà fi ya bí aṣọ kí ẹnu kékeré tó kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi òróǹbó láàárín àwọn aládùúgbò tó wá gbọ́ orin. Bàbá rẹ̀ nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ. Orin kejì kò tíì parí tí ohùn fi tún ya, tí ẹnu kékeré sì dákẹ́.

Ìyá Àṣàkẹ́, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Alàgbà, ta lẹ ó tún mú báyìí? Àbí ewúrẹ́ mi ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fadérera ní kí bàbá òun fọwọ́ ba ampilifáyà méjèèjì wò. Ti ẹnu ńlá tutù. Ògbólógbòó gbóná bí ẹ̀yinná: agbára rẹ̀ kò ká orin náà, ohùn tó ń ya lára rẹ̀ ló sì ń jó ẹnu kékeré.

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnu kékeré bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé orin. Kí lẹ fún un tí yóò fi lè gbé e?"

Alàgbà pa ẹ̀rọ náà. Ó wá ní òun yóò ra irú ti ẹnu ńlá fún ẹnu kékeré, kí Fadérera bá òun so ó pọ̀. Fadérera kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan wáyà kankan àfi tí bàbá òun bá dá òun láre lójú àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn náà, kí wọ́n tó dìde. Ni Alàgbà bá sọ fún wọn pé ọwọ́ ọmọ òun mọ́. Òun lòun pe ẹnu kékeré sí àjọrù, tí òun wá bu àjẹkù fún un.

Àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà ló gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lágbàlá tó fi di òwe: ẹni tí a bá pè sí àjọrù, a kì í fi àjẹkù bọ́ ọ.