Ọdẹ́rónkẹ́ àti Èso Dúdú Mẹ́sàn-án

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́, nítorí ohùn ti ń há, ìwọ̀nba eyín tí ó sì kù ní ẹnu tí ń sọ̀tàn yìí, ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n ń fojú kan ara wọn. Obìnrin ọdẹ kan wà ní ìlú Òkè-Àfọ̀n, Ọdẹ́rónkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bí obìnrin mẹ́fà, kò bí ọkùnrin kan. Nígbà tí agara dá a, ó gbé ìbọn lé èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn lọ́wọ́. Ọdẹ́rónkẹ́ pa ẹfọ̀n, ó pa ìmàdò, ó pàdé àmọ̀tẹ́kùn lójúkojú, àmọ̀tẹ́kùn ni ó kọ́kọ́ yà. Àwọn ará ìlú ní ìgboyà rẹ̀ ni ẹranko náà rí. Òun fúnra rẹ̀ ní rárá o, òórùn aáṣáà ẹnu òun ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, Ọdẹ́jìnmí, ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Páṣíà, tí ó sì mú ìyàwó bọ̀ láti ibẹ̀. Mahínì ni orúkọ ìyàwó náà. Ojú rẹ̀ tutù bí omi àmù, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í kúrò ní ìdí ààrò ìyá rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ní ilẹ̀ wọn ni ó ń wá kiri ilẹ̀ wa bí adìẹ tí ń wá ọmọ. Ọbẹ̀ eléwé kan wà tí ìyá rẹ̀ máa ń sè, ewé púpọ̀, ẹ̀wà pupa, ẹran àgùntàn. Ó rí ẹran, ó rí ẹ̀wà, ó fi ṣọkọ rọ́pò ewé. Kíkan ọbẹ̀ náà ni kò rí arọ́pò fún. Ó fi àjàgbọn sí i, ó dùn jù. Ó fi ìṣápá sí i, ọbẹ̀ pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ìdí nìyí tí ó fi ń tọ́jú èso dúdú mẹ́sàn-án sínú ìkòkò kékeré kan, èso tí ó le bí èkùrọ́, tí ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún un kí ó tó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ kan ni lẹ́tà dé pé ìyá náà ti kú. Mahínì sunkún títí, ó ní bí ó bá di ogójì ọjọ́, òun yóò se ọbẹ̀ ìyá òun fún gbogbo àdúgbò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sin olóògbé sọ́nà ní ilé àwọn. Àánú ṣe Ọdẹ́rónkẹ́. Ó gbá ilé ìdáná mọ́, ó ń fọ ìkòkò, ó sì rí èso mẹ́sàn-án náà. "Yéè! Ọsàn ti jẹrà mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́, ẹkún kò jẹ́ kí ó rí i!" Ó dà wọ́n sí ààtàn, ó tún ń kọrin bí ó ti ń dà wọ́n. Òjò rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àgbàrá sì gbá ààtàn lọ.

Nígbà tí Mahínì gbọ́, kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó gbé ìkòkò òfìfo lé itan, ó ní, "Màmá, ìka ọwọ́ ìyá mi mẹ́sàn-án ni ẹ dà nù yẹn. Bí ogójì ọjọ́ bá pé tí n kò rí nǹkan sè, n ó padà sílé." Ọjọ́ méje péré ni ó kù. Ọdẹ́rónkẹ́ gbé ìbọn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà.

"Ìyá mi, níbo?" ni Ọdẹ́jìnmí béèrè.

"Igbó Àdànù, níbi tí gbogbo ohun tí a ṣèèṣì dà nù ń lọ."

"Igbó iwin! Ẹ̀yin tí orúnkún yín ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́?"

"Jẹ́ kí ó máa ké. Iwin á rò pé àwa méjì ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi rìn kí ó tó dé igbó náà. Igbó tí igi rẹ̀ kò ní ewé bí kò ṣe àkísà ni, igbó tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣàn nínú odò rẹ̀ bí ẹja, igbó tí ẹyẹ rẹ̀ ń fi ohùn àwọn tí a ti gbàgbé kọrin. Bí ó bá wo ọ̀tún, bàtà ẹsẹ̀ kan. Bí ó bá wo òsì, bàtà ẹsẹ̀ kan, àwọn bàtà náà sì ń wá ara wọn kiri bí ìbejì tí ogun tú ká. Iwin kan dúró ní ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, ẹnu rẹ̀ wà ní ikùn, bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀, ìdodo rẹ̀ a máa fò bí àkèré.

"Ìwọ arúgbó tí orúnkún rẹ ń kéde rẹ, ta ni ó jà ọ́ lólè?"

"Ẹnikẹ́ni kò jà mí lólè, bàbá. Èmi ni mo da ohun ọmọ ọlọ́mọ nù."

Ìdodo iwin náà dúró jẹ́ẹ́. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ ọ̀nà yìí, 'wọ́n gbé tèmi' ni gbogbo ẹni tí ń bọ̀ ń ké. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wí pé 'èmi ni.' Wọlé. Ṣùgbọ́n fi ìbọn rẹ sílẹ̀, ohun tí o wá kò ṣe é yìnbọn sí."

"Ẹ bá mi gbé e sí ìbòòji. Bíi tèmi náà ni, ó ti pẹ́ tí ó ti yìn gbẹ̀yìn."

Kò tíì rìn jìnnà tí ó fi rí eyín àtọwọ́dá ọkọ rẹ̀ olóògbé lórí kùkùté kan, eyín tí òun fúnra rẹ̀ dà nù pẹ̀lú omi ìṣanwọ́ ní ọjọ́ ọdún, tí ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ológbò ilé. Ó rẹ́rìn-ín títí ìdí fi kanlẹ̀. Láàárín ẹ̀rín náà ni ẹkún dé, nítorí eyín náà ṣì ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

Ó rìn títí ó fi dé iwájú Olú-Àdànù, ọba àwọn iwin, tí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ òwú jíjá, tí ohùn rẹ̀ sì dàbí ìgbà tí a ń wọ́ apẹ lórí àpáta. Òkìtì ohun dúdú wà níwájú rẹ̀, èédú, èkùrọ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo wọn jọ ara wọn.

"Tìrẹ wà níbí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, kí ni orúkọ rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ọdẹ́rónkẹ́ ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ni Mahínì ti wà nínú ilé òun. Òun ti kọ́ ọ bí a ti ń gúnyán, òun ti kọ́ ọ bí a ti ń wé gèlè, òun ti fi ìkíni kọ́ ọ títí ẹ̀yìn fi ń dun ọmọ náà. Òun kò béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Kábíyèsí, n kò mọ̀ ọ́n. N kò béèrè rí."

"Ẹni tí kò mọ ohun tí ó dà nù kò lè gbé e padà. Ṣùgbọ́n o kò purọ́. Olóhun wà lẹ́yìn òkìtì. Lọ béèrè."

Obìnrin arúgbó kan ni ó jókòó níbẹ̀, aṣọ olódòdó wẹ́wẹ́ ni ó fi borí, ojú Mahínì ni ó wà lójú rẹ̀. Èso mẹ́sàn-án wà lórí itan rẹ̀. Ọdẹ́rónkẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún ké. Obìnrin náà fọwọ́ pa orúnkún tirẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n ìyá ń bẹ ìyá. Ọdẹ́rónkẹ́ nàka sí èso náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì: báwo?

Obìnrin náà nawọ́ sí ẹ̀yìn, ó já ọsàn wẹ́wẹ́ tútù, irú èyí tí ó ń rà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé Ọdẹ́rónkẹ́. Ó fi ọwọ́ ṣe bí omi tí ń hó, ó bu iyọ̀ tí kò sí sí i, ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn, ó ń yí i, ó ń yí i, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, títí ó fi dúdú. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọ̀kan sí etí, ó di ojú òsì, ó mì í lẹ́ẹ̀mẹta, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdẹ́rónkẹ́ lu orí ara rẹ̀. "Gbodo! Iṣu funfun tí mò ń fi omi gbígbóná bọ̀, tí mò ń sá, tí ó ń dúdú, tí mò ń pè ní oúnjẹ láti èwe mi! Ẹlòmíràn sá tirẹ̀, mo ní ó jẹrà! Orí mi yìí, orí ìgbín sàn jù ú lọ." Ó nawọ́ sí èso mẹ́sàn-án náà. Obìnrin náà mi orí rárá, ó dì wọ́n sí etí aṣọ rẹ̀, nítorí òun náà ní ọ̀nà jíjìn láti rìn.

Ọjọ́ tí ogójì ọjọ́ pé gan-an ni Ọdẹ́rónkẹ́ wọlé ní ọwọ́ òfìfo, kìkì ìbọn. Ẹrù Mahínì ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ó já ọsàn wẹ́wẹ́ kún igbá, ó gbé omi kaná, ó da iyọ̀ sí i.

"Màmá, kí ni ẹ ń ṣe?"

"A ó bọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó máa yí i. Nígbà tí ó bá gbẹ, a ó ṣe báyìí." Ó gbé ọsàn kan sí etí, ó di ojú òsì, ó mì í lẹ́ẹ̀mẹta, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọwọ́ Mahínì bọ́ lára ẹrù. "Ta ni ó fi ìyẹn hàn yín?"

"Obìnrin kan tí orúnkún ń dùn ún bíi tèmi."

"Ojú òsì ni ó dì?"

"Ojú òsì ni."

"Ó máa ń sọ pé ojú òsì òun ní ariwo, kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn èso," ni Mahínì wí, ó sì dì mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

A kò se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù kan ààbọ̀ ni ọsàn fi gbẹ, Ọdẹ́rónkẹ́ jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá nítorí ewúrẹ́. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná tí àdúgbò jẹ, Mahínì tọ́ ọ wò. "Ó kù díẹ̀, Màmá." Ọdọọdún ni wọ́n ń sá òmíràn, ọdọọdún ni ó ń kù díẹ̀, ẹrù náà kò sì padà sí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ ìyá kò ní arọ́pò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yín wá a kì í ṣe àjèjì mọ́. Bí àlejò bá gbé ohun tí ẹ kò mọ̀ wọlé yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ìgbálẹ̀.