Àwo Tí Wọ́n Ń Gbé Lọ sí Yàrá Ẹ̀yìn

Ọkùnrin kan wà tí ojú ń tì nítorí ìyá tó bí i. Obìnrin kan sì wà nínú ilé kan náà tó mọ̀, tó sì dákẹ́, títí ó fi di ọjọ́ kan tí kò lè dákẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ, akọ̀wé ìjọ wa. Ti ọkùnrin náà kò ṣòro láti yé ènìyàn.

Ìlú kan lẹ́bàá Iléṣà ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó àbúrò ọkùnrin náà ni obìnrin yìí. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò kúrò nílé ọkọ, nítorí òun ló ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ewú ti gba iwájú orí rẹ̀, síbẹ̀ Ìyàwó ni gbogbo agbo ilé ń pè é, torí òun ni wọ́n gbé wọlé kẹ́yìn. Òun náà kì í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Bàbá Èkó ló ń pè é, nítorí Èkó ló ń gbé. Ìyá arúgbó náà, Màmá ni gbogbo wọn ń pè é.

Màmá ti dàgbà gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Eyín tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu kò ju mẹ́ta lọ. Bí ó bá gbé ṣíbí, ìdajì rẹ̀ á bọ́ sí àyà aṣọ. Ìyàwó á nù ún nù, á tún bù ú fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ ayé nìyẹn, kò sì ni wọ́n lára.

Àsìkò Kérésìmesì ló máa ń ni wọ́n lára. Ọdọọdún ni Bàbá Èkó máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé. Òun ló pààrọ̀ páànù ilé náà, òun ló tẹ́ táìsì sí pálọ̀, òun ló ra tábìlì gígùn tí ènìyàn méjìlá lè jókòó yí ká. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn àlejò dé, ó yọjú sí ilé ìdáná.

Ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ kí Màmá wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni kí o gbé oúnjẹ wọn lọ. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun."

Ìyàwó ní, "Ó dáa, Bàbá Èkó."

Ó bu ìrẹsì, ó fi itan adìyẹ kan lé e, ó gbé àwo náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Màmá ti wẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé gèlè. Gèlè náà wọ́.

Ó bi Ìyàwó pé, "Ta ló wà ní pálọ̀? Ohùn ọmọ mi ni mò ń gbọ́ yẹn."

"Àlejò ni, Màmá. Ẹ jẹun."

"Ṣé kí n wá kí wọn?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná."

Àwọn àlejò jẹun tán, wọ́n mu, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni kò wá sí yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí Ìyàwó padà wá kó àwo, ó rí i pé itan adìyẹ náà ti le jù fún Màmá. Ó ti fi ẹnu lá ata ara rẹ̀, ó sì ti gbé e padà sínú àwo. Ó ti tú gèlè rẹ̀. Ó ń ká a lórí itan, díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ kejì ọdún ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó wà nílé ìdáná, ó ń wo ohun tí àwọn àlejò jẹ kù. Ìrẹsì wà nínú kúlà, ó ti gbẹ, ó ti di ògúlùtu. Mọ́ínmọ́ín mẹ́fà wà nínú ewé. Dòdò wà, ó ti rọ. Adìyẹ tó jẹ́ pé egungun rẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ wà nínú fìríìjì. Ọbẹ̀ ata wà nídìí ìkòkò. Ó ti gbé e kaná kó tó sùn, kó má baà kan. Búrẹ́dì méjì náà wà, wọ́n ti le bí igi.

Bàbá Èkó wọlé. Ó wo gbogbo rẹ̀, ó yínmú.

Ó ní, "Da gbogbo èyí nù. Alága ẹgbẹ́ wa fẹ́ yà wá kí mi lọ́sàn-án kó tó padà sí Èkó. Mo ti ní kí àwọn òtẹ́ẹ̀lì gbé oúnjẹ wá. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbóòórùn àjẹkù nínú ilé yìí."

Ìyàwó bi í pé, "Màmá ńkọ́? Kí ni kí wọ́n jẹ?"

Ó ti kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ. Ó ní, "Ṣebí àjẹkù ló wà níwájú rẹ yẹn? Bù ú fún wọn kí o tó da ìyókù nù."

Ìyàwó dúró síbẹ̀. Kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ mú un. Ìtìjú ni. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ọwọ́ yìí ló gbé àwo lọ. Bàbá Èkó kò gbé e. Bàbá Èkó kò pa irọ́ kankan fún Màmá. Èmi ni mo pa á, nígbà tí mo ní kí àwọn àlejò jẹun tán ná. Lẹ́yìn náà ni ìbínú wá dé. Kì í ṣe ìbínú aláriwo. Ìbínú ẹyin iná ni, èyí tí kì í jó fòfò ṣùgbọ́n tó ń pọ́n wá láti inú.

Kò da nǹkan kan nù.

Bàbá ọkọ rẹ̀, nígbà ayé rẹ̀, búrẹ́dì ló ń yan. Ààrò búrẹ́dì tó fi amọ̀ àti bíríkì mọ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí òkìtì ọ̀gán. Ọ̀dọ̀ bàbá náà ni Ìyàwó ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí iná ti wọ inú ààrò náà kẹ́yìn. Adìyẹ ló ń yé sí i. Ìyàwó kó ẹyin kúrò, ó gbá inú rẹ̀ mọ́, ó to igi sí i, ó ṣáná.

Bí ààrò ti ń gbóná, ó ń ṣiṣẹ́. Ó já ẹran ara egungun fínnífínní. Ó da omi sí egungun, ó fi àlùbọ́sà sí i, ó sè é títí omi rẹ̀ fi dùn. Ó fi ọwọ́ tú ìrẹsì tó ti dì, ó fi omi egungun rin ín. Ó gún dòdò títí ó fi kúnná. Ó gé mọ́ínmọ́ín pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ó mú páànù búrẹ́dì tí bàbá náà fi sílẹ̀, ó fi bọ́tà pa inú rẹ̀. Ó tẹ́ ìrẹsì sísàlẹ̀, ó da ẹran àti ọbẹ̀ ata lé e, ó tẹ́ mọ́ínmọ́ín, ó tẹ́ dòdò, ó tún fi ìrẹsì bò ó. Ó lu ẹyin mẹ́rin mọ́ mílíìkì, ó dà á yí gbogbo rẹ̀ ká kó lè wọnú. Ó rún búrẹ́dì gbígbẹ sókè rẹ̀. Ó wa ẹyin iná kúrò nínú ààrò, ó ti páànù náà wọlé, ó fi irin dí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi àpò tútù bò ó.

Nígbà tó ṣí i, òkè rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti gbẹ. Nísàlẹ̀, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo agbo ilé kan.

Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àná fún Màmá, ó wé gèlè fún un, ó dì í mú lápá, ó rọra mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sí pálọ̀. Ó mú un jókòó nídìí tábìlì gígùn náà, níbi tí olórí ilé máa ń jókòó gan-an. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó kó àwọn àwo oníwúrà jáde, àwọn tí kò sí ẹni tó ń jẹun nínú wọn àfi àlejò. Ó bu oúnjẹ fún Màmá. Ó bu ti ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà. Ó fa àga kan, ó jókòó.

Màmá fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ó pa ojú dé.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ó rọ̀. Kí ni wọ́n ń pè é?"

"N kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, Màmá."

Orí èyí ni Bàbá Èkó bá wọn. Agbádá funfun ló wọ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

"Oúnjẹ ni, Bàbá Èkó."

"Mo ní kí wọ́n wà ní yàrá ẹ̀yìn."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́."

"Ó yá, mú wọn wọlé kí Alága tó dé."

"N kò ní mú wọn wọlé."

Ó bi í pé, "Kí lo wí?"

Ìyàwó kò dìde lórí àga. Ó ní, "Mo ní n kò ní mú wọn wọlé. Èmi ni mo gbé àwo lọ bá wọn lánàá, èmi ni mo purọ́ fún wọn. Ọwọ́ mi kò ní ṣe é mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyá yín kúrò nídìí tábìlì yìí, ẹ fi ọwọ́ ara yín mú wọn kúrò."

Bàbá Èkó rìn wá sídìí àga náà pẹ̀lú ìbínú. Màmá gbójú sókè. Ó rí i. Gbogbo ojú rẹ̀ tàn.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ti jí? Wá jókòó. Wá jẹun kó tó tutù."

Ọwọ́ ọkùnrin náà kò lè gbéra.

Bó ṣe dúró síbẹ̀ ni fèrè mọ́tò dún níta. Alága ẹgbẹ́ wọn wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Àgbà ọkùnrin ni, orí rẹ̀ ti funfun. Ó wo arúgbó tó jókòó nídìí tábìlì.

Ó béèrè pé, "Ta ni màmá yìí?"

Ìyàwó ló dáhùn. Ó ní, "Ìyá tó bí Bàbá Èkó ni, sà. Ìbídùn lorúkọ wọn. Àwọn àti ọkọ wọn ló kọ́ ilé yìí."

Àgbà ọkùnrin náà bọ́ fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Lánàá tí a wà níbí, ọmọ yín sọ fún wa pé ẹ ti lọ kí àwọn ọmọ yín ní Jọ́ọ̀sì."

Màmá ní, "Jọ́ọ̀sì kẹ̀? N kò dé Jọ́ọ̀sì rí láyé mi. Yàrá ẹ̀yìn ni mo wà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohun tó mú kó dùn wọ́n jù nìyẹn. Alága dé fìlà rẹ̀ padà. Ó kí Màmá pé ó dìgbà, ó mú ìyàwó rẹ̀, wọ́n lọ. Oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Bàbá Èkó wá kọjú sí Ìyàwó. Ó ní, "Kí n tó padà wá ní Àjíǹde, kí o ti kó ẹrù rẹ kúrò nínú ilé mi."

Ìyàwó ní, "N kò ní kó o."

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ilé ta ni? Bàbá rẹ àti èmi la po amọ̀ ilé yìí, oyún rẹ wà nínú mi. Páànù ni ìwọ pààrọ̀. Bó o bá fẹ́ páànù rẹ, gun òkè kí o lọ ṣí i."

Bàbá Èkó wọ mọ́tò, ó lọ. Láti ọjọ́ náà kò fi ohunkóhun ránṣẹ́ mọ́. Nǹkan le fún àwọn obìnrin méjèèjì. Ìyàwó dá iná sí ààrò padà, ó ń yan búrẹ́dì tà, wọ́n ń rí jẹ, ọjọ́ mìíràn wà tí kì í tó. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, ìdí tábìlì gígùn náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Ní Àjíǹde, Bàbá Èkó dé. Òun nìkan ló wá. Ó bá wọn nídìí oúnjẹ. Ó dúró pẹ́. Kò tọrọ àforíjì, wọn kò sì bi í. Nígbà tó yá, ó fa àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Oúnjẹ bọ́ sí àyà Màmá. Bàbá Èkó wò yíká bóyá ẹnìkan máa bá a nù ún. Ìyàwó kò dìde. Ọkùnrin náà wá mú ìnuwọ́, ó nù ún fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé, òwe kan wà pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa la ń pa á, ó sì máa ń dùn lẹ́nu wa. O wá bá mi lónìí, o ní àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ fún ọ ní ìwé kan, pé kí o kọ orúkọ àwọn tó máa jókòó níwájú lọ́jọ́ tí a bá ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. O ní wọ́n ní kí o yọ bàbá arúgbó tó fún wa ní ilẹ̀ tí a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sí kúrò, torí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, àwọn ẹni ńlá sì ń bọ̀. O ní kì í ṣe ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. O ní iṣẹ́ ni wọ́n rán ọ.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni bíró náà wà?

Má wá gba àṣẹ lọ́dọ̀ mi. Má sì sunkún níwájú mi. Lọ jókòó, kí o kọ orúkọ bàbá náà sí òkè pátápátá. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ní kí o kọ ọ́, má dárúkọ mi. Sọ fún wọn pé ìwọ ni.