Ìdánwò Ebè Lórí Omi

Láyé ìgbà tí ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etí òkun, Ọmọ́tẹ́hìnwá nìkan ni olùkọ́ ní Ẹ̀bá-Ọ̀sà, abúlé apẹja tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi. Ọmọ ibẹ̀ gan-an ni. Òkè, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ni wọ́n rán an lọ kàwé ní kékeré, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní akúrí nítorí pé kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí àdá. Ó ti búra pé ọmọ Ẹ̀bá-Ọ̀sà mìíràn kò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, inú ọkọ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Àwọ̀n, àjẹ̀ àti ìgèrè tí wọ́n fi ń dẹ ẹja ni ìwé rẹ̀. Àwọn òbí tó ti ń fi ọmọ pamọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń wa ọkọ̀ gbé wọn wá fúnra wọn. Ta ni yóò rí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń tàn tí kò ní yọ̀?

Ìròyìn náà kò dùn mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Láyọnu, ọ̀gá tó ń bẹ ilé ìwé wò. Bí ìwé bá ní òjò ń rọ̀, ọkùnrin yìí á ṣí agbòjò nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá fi ìwé ìjọba dán àwọn ọmọ wò. Bí wọ́n bá kùnà, ilé ìwé yóò di títì, ọmọ tó bá fẹ́ kàwé yóò sì gba òkè lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn òbí jókòó sẹ́yìn nínú ilé ìwé onípákó tó wà lórí òpó, pẹ̀lú Ọlọ́jà, olórí abúlé. Láyọnu kìlọ̀ fún Ọmọ́tẹ́hìnwá pé kò gbọdọ̀ dá sí i. Ó wá kà á jáde pé àgbẹ̀ kan kọ ebè ìlà mẹ́jọ, ogún ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́ sì tú ọgbọ̀n ká. Mélòó ló kù? Oríyọmí, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ń pè ní ebè?”

Láyọnu nawọ́ síta láti fi hàn án. Omi lọ salalu títí dé ibi tí ojú lè ríran dé. Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní ọmọ tí kò mọ ebè, kí ló tún kù tó fẹ́ mọ̀, ó sì ń pa ìwé dé.

Ọmọ́tẹ́hìnwá rántí ìkìlọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó dìde. “Oríyọmí, bàbá rẹ dẹ ìgèrè ìlà mẹ́jọ, ogún ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbì gbé ọgbọ̀n lọ.”

“Àádóje ló kù, Àǹtí.”

Ara Láyọnu kò gbà á débi pé ó gbàgbé ìkìlọ̀ rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí ìṣirò àwọn àgbà ọmọ wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á lé wọn lórí. Olùkọ́ ń sọ ebè di ìgèrè, ó ń sọ àká di ọkọ̀, àwọn ọmọ sì ń dáhùn. Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí omi òkun fi kún, tó gba àárín pákó wọlé. Láyọnu fò sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ kàn gbé síléètì wọn sókè díẹ̀ ni.

“À ń retí èyí tó kàn, sà,” ni Oríyọmí wí, omi sì ti mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀.

Láyọnu sọ̀kalẹ̀ sínú omi tòun ti bàtà dídán. “Tíṣà, àwọn ọmọ yìí kò kùnà. Ìwé wa ni kò mọ ibi tó wá.” Ó bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ̀tun fún gbogbo ilé ìwé etí òkun. Orí Ọmọ́tẹ́hìnwá wú, ó sì jẹ́ kí omijé ayọ̀ bọ́.

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yín lẹ dà lé wọn lórí, omi tún kún tẹ̀ lé e, wọ́n ṣì ń ríran kedere.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé odò kì í kún kó bo ẹja lójú.