Idẹ Ni, Ìdè Kọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó tètè dìde ńbẹ̀. Ààlọ́ mi kì í ṣe ẹní. Ó ta kété, ó ta pẹ́ẹ́rẹ́, ó já lé Oyèéwùmí lórí, ìjòyè kan tí oyè rẹ̀ ga ju làákàyè rẹ̀ lọ.

Ní ayé àtijọ́, ní ìlú Ìdí-Ìyeyè, Oyèéwùmí nìkan ló ní ẹṣin. Ó ní ẹṣin, kò ní ọkà bàbà tí yóò fún un jẹ. Kí ni ẹṣin ṣe? Ó sá. Wọ́n mú un padà. Ó tún sá. Wọ́n tún mú un padà. Ó sá lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín.

Ojú ti Oyèéwùmí. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ òrùka idẹ méjì, kí ó fi ẹ̀wọ̀n kúkúrú so wọ́n pọ̀. Ó há a mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin, ó fi àgádágodo tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baálé mi, ìdè nìyẹn."

"Ìdè kẹ̀? Idẹ ni! Ọ̀ṣọ́ ẹṣin ìjòyè ni. Kí ni ọmọ ẹlẹ́mu mọ̀?"

Ẹṣin, òmùgọ̀ gíga, gbà á gbọ́. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìdí igi wò ó, ó ní, "Ọ̀rẹ́, wọ́n so tèmi tìẹ."

Ẹṣin fọn imú. "Okùn ni tìrẹ, ẹran ọbẹ̀!" Ló bá ń fò kiri bí ọ̀pọ̀lọ́, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

*Ẹ wá wo ẹsẹ̀ mi o,*
Ṣaworo-woro.
*Ewúrẹ́ ló wọ okùn,*
Ṣaworo-woro.
*Idẹ ni, ìdè kọ́,*
Ṣaworo-woro.

Nígbà tó pẹ́, Oyèéwùmí fúnra rẹ̀ gbàgbé pé ìdè ni. Irọ́ tó bá dùn jù, ẹni tó sè é ni í kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ogun dé. Tọmọdé tàgbà forí lé igbó. Ewúrẹ́ gé okùn rẹ̀ jẹ, ó di eré. Oyèéwùmí ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ máa sáré! Èmi ní ẹṣin." Ó gùn ún. Ó nà án ní pàṣán, ẹṣin fò tọ́ń. Ó tún nà án, tọ́ń. Ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta, ẹṣin fi imú gbálẹ̀.

Àwẹ̀ró kígbe láti ẹnu igbó, "Baálé mi, ẹ ṣí ìdè yẹn!"

"Mo ní idẹ ni!"

Ẹṣin náà, pẹ̀lú yanrìn lẹ́nu, ní, "Idẹ ni!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ mú àwọn ológun tó ti ká wọn mọ́ gbàgbé ogun. Ọ̀gá wọn já kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Oyèéwùmí, ó bọ́ idẹ lẹ́sẹ̀ ẹṣin, ó há a mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín. Ó ṣe é wẹ́kú. Ó wá gun ẹṣin, ẹṣin na ẹsẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ gba etí rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà ni ẹṣin kò ti kọrin mọ́.

Bí wọ́n ti ń wọ́ Oyèéwùmí lọ, Ewúrẹ́ yọjú lórí àpáta. "Bàbá, kí ni wọ́n fi sí yín lẹ́sẹ̀ yẹn?"

Oyèéwùmí ní, "I..." Ó ní, "Ì..." Kò mọ ohùn tí yóò fi parí rẹ̀.

Ewúrẹ́ bá a parí rẹ̀:

*Idẹ ni, ìdè kọ́,*
Ṣaworo-woro.

Ẹni tó bá fún ìdè lórúkọ tó dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò pe orúkọ náà bó ṣe yẹ. Ibí ni ààlọ́ mi já sí o. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ọrùn ẹsẹ̀ yín, mi ò pe orúkọ ẹnì kankan.